Wáyà Abẹ́ Bẹ́ǹṣì Bàbá

Iṣẹ́ wáyà fáíbà ni mò ń ṣe láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Wáyà ọ̀hún kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà, nínú páìpù, lẹ́bàá títì. Tẹ́ ẹ bá bó o, àwọn fọ́nrán dígí tín-ín-rín bí irun orí lẹ máa bá nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú wọn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń gbé iṣẹ́ àwọn báńkì, òtẹ́ẹ̀lì àti iléèwé tó ń sanwó fún ọ́fíìsì wa. Àwọn máàsì, òpó irin gíga tí fóònù gbogbo wa ń lò náà, òun ni wọ́n gbára lé. Bó bá já, ọjà dákẹ́, báńkì tilẹ̀kùn. Àwa tí a sì wá so ó ni wọ́n máa ń bú jù, bí ẹni pé àwa la gé e.

Onínúfùfù ni mí, mi ò ní í purọ́ fún yín. Iṣẹ́ yìí ló wá da epo sí i. Àwọn tó ń gé wáyà wa kì í ṣe olè. Ẹni tó fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, ẹni tó ń gbẹ́ ṣálángá ni, katakata tó ń tún ọ̀nà ṣe ni. Wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á bá páìpù, wọ́n á bi ara wọn pé, "Kí lèyí?" Wọ́n á sì fi ọkọ́ dá ara wọn lóhùn. Mo ti pariwo mọ́ èèyàn láti Ìkàrẹ́ dé Ṣósàn ní Ọ̀kà títí ohùn mi fi há. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Ìkàrẹ́ tí sùúrù rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan wọn á fi ọkọ́ yẹn dá èmi náà lóhùn.

Ibì kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà wa tí ọkàn mi máa ń balẹ̀ sí. Iwájú ilé bàbá kan ní Ọ̀kà ni, níbi tí títì ti yí gba ẹsẹ̀ òkè. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà tẹ́lẹ̀, ó ti kó iṣu àti kòkó káàkiri kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, èkejì wà ní Àkúrẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà nítòsí ilé ni Bàbá máa ń gbé bẹ́ǹṣì sí, tí á jókòó, tí á máa wo ọkọ̀, tí á sì máa bú àwọn awakọ̀ ayé ìsinsìnyí pé wọn ò mọ ọ̀nà í gùn.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ń ri wáyà gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, ó pè mí pé kí ni mò ń sin sẹ́nu ọ̀nà òun. Mo bó wáyà tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, mo fa fọ́nrán kan yọ, mo fi hàn án, mo ní ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀. Ó rọra fọwọ́ kàn án.

"Kò gbóná," ó ní.

Mo ní kì í gbóná. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Oníná-tí-kì-í-jóni. Ó wá bi mí pé ìwúlò wo ló ṣe fún òun, òun tí òun kò ní nǹkan kan í ṣe ní báńkì. Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín tó wà lókè òkun, tó bá pè yín lórí fóònù, inú wáyà yìí lohùn rẹ̀ ń gbà kó tó dé etí yín."

Bàbá wo ilẹ̀ náà. Ó dìde, ó fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò, ó wọ́ ọ wá sórí ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bo wáyà mọ́, ó jókòó sórí rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá. A rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Kì í ṣe àwàdà. Látìgbà náà, ibẹ̀ ló di ibùjókòó rẹ̀. Tí oòrùn bá mú, á ta agbòòrùn. Tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá pè é nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni á ti gbé fóònù, tí wọ́n á máa rí ojú ara wọn, á sì máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá rí ẹni tó gbé ṣọ́bìrì sún mọ́ ẹ̀bá títì, á pè mí pé, "Oníná, wọ́n tún ti dé o!" Kí n tó ti Ìkàrẹ́ dé ibẹ̀, á ti fi ọ̀pá lé wọn lọ. Mo máa ń ra búrẹ́dì fún un tí mo bá ń lọ. Á gbà á, á tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará Àjọwá, inú ìlú kan náà lẹ ń gbé, ẹ ò gbọ́ èdè ara yín." Òótọ́ ni, Àjọwá ni wọ́n ti bí mi. Èmi náà á ní kí ó sọ Ọ̀kà tirẹ̀ ní Ìbàdàn ká wo ẹni tó máa gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Bàbá tó bí mi kò bá mi ṣeré bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, àwọn ọmọ ní kí ó wá máa gbé Àkúrẹ́. Etí mi ló ṣe, lọ́jọ́ tí wọ́n bá a sọ ọ́ lórí fóònù. Ó na ìka sí abẹ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni pé wọ́n ń rí i. "Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní. "Ibí ni mo wà, ibí ni mo máa wà." Èmi mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ, wọ́n sì fi í sọ́kàn lọ́nà tiwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, báńkì ké sí wa láti Àkúrẹ́ pé ẹ̀ka wọn ní Ọ̀kà ti kú. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà pè láti Ìkàrẹ́, ẹni tó ni iléèwé náà pè. Ọ̀gá wa tẹ̀ wá láago láti Àkúrẹ́, ó ní, "Báńkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun." Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, ẹni tó ń sanwó jù ló ń ṣíwájú.

A ní ẹ̀rọ kan tí a fi ń yẹ wáyà wò. A ó fi í sórí wáyà ní Ìkàrẹ́, á fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́. Ibi tí wáyà bá ti já, ìmọ́lẹ̀ á ṣẹ́rí padà, ẹ̀rọ á sì sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Mo wo ohun tó kọ. Mo mọ ojú ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Iwájú ilé Bàbá ni.

Mo ní ẹ̀rọ ń purọ́. Mo yọ ọ́ kúrò lórí fọ́nrán yẹn, mo fi sórí òmíràn. Ibì kan náà ló tọ́ka sí. Mo pe fóònù Bàbá, kò lọ. Mo ní kò lè lọ náà, ṣebí wáyà tó ń gbé ohùn wá fún un ló já. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ṣọ́ arúgbó yẹn títí tó fi wọlé lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n sì ti gbẹ́ ibẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà tí a gbà lọ ni mo ń to èébú jọ. Ẹnìkejì mi ń wakọ̀ lọ.

Nígbà tí a yọ sí ilé náà, mo rí erùpẹ̀ pupa tí wọ́n kó jọ gegere. Bẹ́ǹṣì Bàbá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ dúró ni mo fò sílẹ̀, mo sì figbe ta. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ibí yìí? Ẹ ò ní ojú ni? Ṣé Bàbá ò sí nílé ni?"

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀, pé orí ẹní ni àwọn obìnrin jókòó sí, pé àwọn ọkùnrin dé fìlà. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú ihò náà tó dé àyà rẹ̀, ó gbé ojú sókè ń wò mí. Ẹnìkejì mi fà mí láṣọ láti ẹ̀yìn, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bros, na grave be that."

Ìyá àgbà kan láàárín àwọn obìnrin ló wá dá mi lóhùn. "Ọmọ mi, Bàbá ò sí nílé mọ́."

Omi tútù dà sí mi lára. Ó ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́yìn tó kírun àárọ̀ tán. Mo jókòó sórí erùpẹ̀ yẹn pẹ̀lú gbogbo èébú tí mo tò jọ, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè kí wọn kú ará fẹ́ra kù.

Àkọ́bí Bàbá ló wá bá mi. Ó dá mi mọ̀. Ó ní kí n má bínú, pé bàbá wọn ló ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí wọ́n gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n òun kò gbà. "Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ? Ibí ni mo wà, ibí ni mo máa wà. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́."

Mo wo inú ihò. Páìpù wa yọ orí ní ìhà méjèèjì, wáyà tí wọ́n gé sì rọ̀ sílẹ̀ sínú sàréè. Bàbá tó fi ọ̀pá lé gbogbo ayé kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló wá gbẹ́ ibẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Tíṣà yìí ní ohun tó ń jẹ òun lọ́kàn jù ni àbúrò òun tó wà lókè òkun. Nígbà tí wọ́n pè é láàárọ̀ pé Bàbá ti lọ, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n má bo ojú bàbá òun kí òun tó rí i. Wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn pé tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, wọn á fi fóònù pè é kí ó wò ó. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ báyìí, fóònù kankan kò lọ ní àdúgbò. Wọ́n ní kí ọlọ́kadà kan sáré lọ sí ọ̀nà Ìpè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ó bá wọn sọ fún un. Ọlọ́kadà padà wá jíṣẹ́ pé ọmọbìnrin náà ní òun kò ní í gbé fóònù sílẹ̀, òun ń dúró.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kúkú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," tíṣà ní. "Ó máa dé."

Ẹnìkejì mi wò mí, mo wò ó. Èmi ni mo sọ fún un. Mo na ọwọ́ sí wáyà tó rọ̀ nínú sàréè, mo ní, "Ọ̀gá tíṣà, kò ní í dé. Wáyà yẹn ló ń gbé e wá."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti ń gbọ́ wa, ní kí wọ́n tètè dí ihò náà kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sẹ́yìnkùlé, kí àwọn oníwáyà lè ṣiṣẹ́ wọn. Àáfà àgbà tó wá ṣe ìsìnkú mi orí. Ó ní a kì í gbẹ́ sàréè ká dí i lófìfo, ilé kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀fọ̀ mìíràn má tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní òótọ́ ni.

Mo ní kí wọ́n má dí ohunkóhun. Wáyà ni yóò yà fún Bàbá. A ní ẹyọ wáyà kan lẹ́yìn ọkọ̀, a lè fi yí sàréè ká lórí ilẹ̀, ká so ó mọ́ eyí tó já ní ìhà méjèèjì. Mo bi Àáfà pé ìgbà wo ló máa sin ín. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí ó kọjá ìrun Alásárì, pé kò dára ká máa dá òkú dúró. "Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran," ó ní. "Ẹ máa ṣe é lọ. A ó máa wò yín."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá há sí nìyí. Ẹ̀rọ tí a fi ń so fọ́nrán dígí pọ̀, bátìrì ló ń lò, a sì ti fi ṣiṣẹ́ ní Ìpè lánàá títí tí ilẹ̀ fi ṣú, iná ìjọba kò sì dé láti ìgbà náà. Ẹnìkejì mi tàn án, ó wò ó, ó gbọn orí. Ó ní agbára tó kù nínú rẹ̀ kò lè so ju fọ́nrán kan lọ, tó bá tilẹ̀ lè ṣe é. Fọ́nrán kan, ojú méjì, ọ̀tún sàréè àti òsì rẹ̀. "Ọ̀gá ní báńkì," ó rán mi létí.

"Ti máàsì ni kó o bó," ni mo wí.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọmọ méjì ni mò ń tọ́, iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n báńkì máa ṣí lọ́la, ojú Bàbá kò ní í ṣí sílẹ̀ lọ́la. Ẹnìkejì mi wá fọ́nrán máàsì láàárín àwọn yòókù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ṣe lè bà á jẹ́. Eruku kékeré tí ojú kò rí, tó bá bà lé ẹnu fọ́nrán, ìmọ́lẹ̀ kò ní í kọjá. A so ó lẹ́ẹ̀kan, kò mú. A gé e, a tún un nù. Ìyá àgbà tó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan ló rí i pé eruku ló ń dà wá láàmú. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó pe àwọn obìnrin ilé, wọ́n na ìró yí wa ká bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ògiri. Ẹni tó ń sunkún nínú wọn kò jẹ́ kí etí ìró bọ́ lọ́wọ́ òun. Inú ìró wọ̀nyẹn la ti so ojú àkọ́kọ́, ó sì mú.

Wọ́n ti kírun Àìlà tán, wọ́n ti kírun sí Bàbá lára, a kò tíì ṣe ìhà kejì. Wọ́n gbé e jáde nínú aṣọ funfun. Mo gbọ́ tí Àáfà sọ pé oòrùn ti yẹ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú sàréè, tèmi tẹnìkejì mi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí a ń wá bí fọ́nrán méjì á ṣe kojú ara wọn. Ẹ̀rọ so ó. Bí ó ṣe so ó tán ni iná rẹ̀ kú.

Ó yẹ kí a fi rọ́bà kékeré bo ojú ibi tí a so, kí ẹ̀rọ yìí kan náà sì yan án kó le. Kò sí agbára fún ìyẹn mọ́. Ojú méjèèjì wà níhòòhò, bí ẹnikẹ́ni bá fi aṣọ gbá a, ó ti já nìyẹn. Ẹnìkejì mi fò lọ sí ọ̀tún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tibẹ̀ mú. Mo di ti òsì mú, mo sì tẹ ara mi bò ó, mo kẹ̀yìn sí sàréè. A dúró de máàsì kó jí.

Fóònù àpò mi ló kọ́kọ́ dún. Mo mọ̀ pé ọ̀gá wa ni. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ti tíṣà dún, tí ó sì pariwo orúkọ àbúrò rẹ̀ bí ọmọdé.

"Àáfà, ó ti wọlé! Ó ti wọlé!"

Mo gbọ́ tí Àáfà ní kí ẹni tó wà nínú sàréè tú aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Gbogbo èrò ya wá sí etí ihò láti wò ó. Ẹsẹ̀ wọn ń gbá mi níhà, mo túbọ̀ tẹ̀ ba. Mo ń sunkún, mi ò lè nu ojú.

Mo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó mọ́ gaara. "Bàbá mi," ó ní. "Bàbá mi, èmi rè é. Mo ti dé." Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ bí mi." Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Ìdákẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo àárín ìka mi pé ṣé ó ti já ni. Kò já. Ó kàn ń wò ó ni. Kò sẹ́ni tó kán an lójú, títí kan Àáfà.

Níkẹyìn ó ní, "Ó tó. Ẹ bò ó."

Gbogbo ilé ló rí ojú Bàbá lọ́jọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ rí i láti òkè òkun. Èmi di wáyà mú, mi ò lè yíjú padà. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ fún mi pé kí n dìde, erùpẹ̀ ti bò ó.